Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà "Rigour": Láti Ara Tó Gan dé Ẹ̀rí Ìṣirò

Èdè Látìn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ náà rigour, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ní rigor, nípasẹ̀ èdè Faransé àtijọ́. Ní èdè Látìn, ipò ohun tí ó gan tí kò ṣeé tẹ̀, pàápàá ohun tí òtútù mú gan, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, orísun kan náà ni rigid sì ti wá. Láti orí gígan tí a lè fojú rí yìí ni àwọn ìlò yòókù ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn jù lọ ni ẹni tí a ń le mọ́: nínú òfin àti ìṣàkóso, ẹlòmíràn ni, nínú iṣẹ́ ìmọ̀, onímọ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ìtumọ̀ àtijọ́ náà ṣì dúró. Rigor mortis ni gígan tí òkú máa ń gan láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ikú, nítorí pé ATP, èròjà agbára tí ó ń jẹ́ kí àwọn fọ́nrán iṣan tú ara wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún pọ̀, ti tán nínú ara. Àwọn dókítà tún ń lo rigor fún òtútù òjijì tí ń mú aláìsàn gbọ̀n kí ara rẹ̀ tó gbóná, irú èyí tí ó máa ń wáyé nígbà tí kòkòrò ibà bá bẹ́ jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀.

Ìlò kejì jẹ mọ́ agbára. Nínú Bíbélì King James ti ọdún 1611, ọ̀rọ̀ náà jẹ yọ nígbà márùn-ún, nínú Ẹ́kísódù orí 1 àti Léfítíkù orí 25, ọ̀rọ̀ ìsìnrú ni gbogbo rẹ̀ sì dá lé. Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther kó ipa pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, lo àsìnpa nínú Ẹ́kísódù, ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìkà inú ọ̀rọ̀ náà jáde ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìlò ti òfin kò jìnnà sí èyí: bí a bá fi gbogbo rigour òfin mú ẹnì kan, a ò fi àánú kankan bá a lò.

Inú ìmọ̀ ìṣirò ni ọ̀rọ̀ náà ti yí ojú padà pátápátá. Ní ọdún 1734, Bíṣọ́ọ̀bù George Berkeley tẹ ìwé The Analyst jáde, ó sì fi hàn nínú rẹ̀ pé àwọn tí ń lo ọgbọ́n ìṣirò Newton, tí a mọ̀ sí calculus, a máa kọ́kọ́ ka iye bíńtín kan sí ohun tí ó wà, kí wọ́n lè fi pín iye mìíràn, kí wọ́n tó wá kà á sí òdo nígbà tí wọn kò nílò rẹ̀ mọ́. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi tọ̀nà kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa. Augustin-Louis Cauchy, nínú Cours d'analyse ti ọdún 1821, wá gbìyànjú láti mú kí ẹ̀rí ẹ̀ka yìí le bí ti jiọ́mẹ́tírì, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lè ti inú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, inú ìwé kan náà ni ó ti sọ ohun kan nípa àròpọ̀ aláìlópin tí Niels Henrik Abel fi hàn ní ọdún 1826 pé kì í ṣe òótọ́ níbi gbogbo. Ní ọdún 1872 ni Karl Weierstrass gbé ìlà kan kalẹ̀ ní Berlin, ìlà tí kò já níbikíbi, síbẹ̀ tí kò sí ojú kan lára rẹ̀ tí a ti lè sọ ìhà tí ó kọrí sí. Kò sí ẹni tí ó lè yà á tán sórí ìwé, èyí sì ni ó jẹ́ kí ó ṣe pàtàkì, nítorí ó jẹ́rìí sí i pé ohun tí àwòrán mú kí ó dà bí òótọ́ kò tó ẹ̀rí.

Nítorí náà, ó jẹ́ àṣìlò gbáà bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń fi iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fìdí rẹmi wọn rigour iṣẹ́ kan. Ìlò ti ẹrú àti olówó ẹrú ni ìyẹn, kì í ṣe ti Cauchy. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí láìlo òǹkà, irú èyí tí ó dá lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àkíyèsí, sún mọ́ Cauchy jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yvonna Lincoln àti Egon Guba, nínú Naturalistic Inquiry ti ọdún 1985, dábàá pé kí a máa wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ ní gbígbẹ́kẹ̀lé, lára ohun tí wọ́n sì béèrè ni pé kí olùwádìí tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ìpinnu tí ó ṣe, kí ẹlòmíràn lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí ó gbà sílẹ̀ títí dé orí àbájáde, kí ó sì rí ibi tí ó ti lè ta kò ó.