Operation Flood

Operation Flood ni ètò tí Íńdíà fi mú iṣẹ́ wàrà gbòòrò láti 1970 sí 1996. NDDB, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ wàrà ní Íńdíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965 pẹ̀lú Verghese Kurien gẹ́gẹ́ bí alága, ló darí rẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù fi ìyẹ̀fun wàrà àti òróró bọ́tà ṣèrànwọ́. Dípò kí wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pò ó di wàrà olómi, wọ́n tà á láwọn ìlú ńlá, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní abúlé, bíi ti Amul nílùú Anand.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ á gbé wàrà màlúù tàbí ẹfọ̀n rẹ̀ wá. Wọn á yẹ ọ̀rá inú rẹ̀ wò, òun ló sì ń pinnu owó tí yóò gbà.

Àwọn alátakò ètò náà ní wàrà ìrànwọ́ láti Yúróòpù lè já owó wàrà ìbílẹ̀ wálẹ̀, àti pé ẹni tí kò ní màlúù kò jèrè púpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìrànwọ́ tán, àwọn ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Ní 1998, Íńdíà kọjá Amẹ́ríkà, ó di orílẹ̀-èdè tó ń pèsè wàrà jù lọ láyé.