Bí Àga Ààrẹ APA Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Ẹ̀yà Kan Ṣoṣo

Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí APA, ni ẹgbẹ́ tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà fún àwọn tó ń ṣèwádìí ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá. Oṣù Keje ọdún 1892 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Clark, ní ìlú Worcester, ìpínlẹ̀ Massachusetts. G. Stanley Hall ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni àwọn tó pilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá wo ìtàn ẹgbẹ́ náà láti ìgbà yẹn, a ó rí i pé inúure àwọn tó wà nípò nìkan kọ́ ló gbé àwọn yòókù dé ibi àṣẹ. Ìgbà tí àwọn tí wọ́n tì sẹ́yìn bá kó ara wọn jọ, tí wọ́n béèrè ẹ̀tọ́ wọn, ni ìlànà ẹgbẹ́ ń yí padà.

Àwọn obìnrin àkọ́kọ́

Ní 1893, APA gba obìnrin méjì wọlé: Mary Whiton Calkins àti Christine Ladd-Franklin. Ohun kan náà ni ojú àwọn méjèèjì rí lọ́wọ́ yunifásítì. Ladd-Franklin ti parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Johns Hopkins ní 1882, ṣùgbọ́n ó di 1926 kí wọ́n tó fi oyè náà lé e lọ́wọ́. Calkins ṣe gbogbo ohun tí oyè gbà ní Harvard, William James àti àwọn olùkọ́ mìíràn sì jẹ́rìí sí i ní 1895. Harvard kọ̀, nítorí pé obìnrin ni. Nígbà tí wọ́n ní kó wá gba oyè Radcliffe, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tó so mọ́ Harvard, dípò rẹ̀ ní 1902, òun náà kọ̀.

Calkins di ààrẹ APA ní 1905, Margaret Floy Washburn sì tẹ̀ lé e ní 1921. Lẹ́yìn Washburn, ọdún 51 kọjá kí obìnrin mìíràn, Anne Anastasi, tó jókòó sórí àga náà ní 1972. Igi kan kì í dágbó ṣe. Ní gbogbo àkókò tí orúkọ obìnrin wà lára àwọn ààrẹ yẹn, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rẹ́ àti iṣẹ́ ran ara wọn lọ́wọ́ ṣì wà ní títì. Ní 1904, Edward Titchener ti Yunifásítì Cornell dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí nínú yàrá àyẹ̀wò. Obìnrin kankan kò wọ̀ ọ́ títí Titchener fi kú ní 1927. Bẹ́ẹ̀, Washburn fúnra rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Titchener, ní 1894. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé tí wọ́n ń pín iṣẹ́ ogun fún àwọn onímọ̀, tí wọn kò sì ka obìnrin mọ́ wọn, àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1941.

Láti Sumner dé San Francisco

Francis Cecil Sumner ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì Clark ló ti gbà á ní 1920, lábẹ́ Hall kan náà tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́. Láti 1928 títí ó fi kú ní 1954, òun ló darí ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Howard. Ibẹ̀ ni Kenneth Clark àti Mamie Phillips, tó di ìyàwó rẹ̀, ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìwádìí tí tọkọtaya yìí fi bèbí ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú wà lára ẹ̀rí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbé yẹ̀ wò kó tó fòfin de ìpínyà ẹ̀yà ní ilé-ìwé ní 1954.

Herman Canady ti gbìyànjú ní 1938 láti kó àwọn onímọ̀ aláwọ̀ dúdú jọ, lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n iye wọn kéré, nítorí pé ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni wọ́n ti ń dá wọn padà. Láàárín 1920 sí 1966, ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì mẹ́wàá tó lókìkí jù lọ fi oyè ọ̀mọ̀wé tó lé ní 3,700 jíǹkí ènìyàn. Mẹ́jọ péré nínú wọn ló bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú.

Ní 1968, nígbà àpéjọ APA ní San Francisco, àwọn aláwọ̀ dúdú dá Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì Aláwọ̀ Dúdú, ABPsi, sílẹ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀, ní Washington, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú gba pèpéle nígbà tí ààrẹ APA, George Miller, fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n ń fẹ́ sétí gbogbo àpéjọ. Kenneth Clark di ààrẹ APA ní 1971, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. ABPsi kò tìtorí èyí wọnú APA. Ó dá dúró títí di òní, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń wá ìmọ̀ nípa ọkàn lọ sí Áfíríkà. Wade Nobles, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, gba Ifá, ó sì ń jẹ́ Ifágbèmí Ṣàngódáre.

Òfin, owó àti ìbò

Ohun tí ìpè àwọn aláwọ̀ dúdú yìí bí lẹ́yìn náà ló pẹ́ jù. Ní 1974, APA bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìrànwọ́ fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Owó ìjọba àpapọ̀ ló gbé e ró, Dalmas Taylor ló sì darí rẹ̀. Àpérò kan tí wọ́n ń pè ní Àpérò Dulles, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké, wáyé ní 1978, ó sì bí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ní 1979, àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ní 1980.

Àwọn ẹ̀ka tí APA pín sí tún ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ìgbìmọ̀ Aṣojú ló ń ṣe òfin ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa pín ìbò mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹ̀ka àti ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ tó bá wù wọ́n, iye ìbò yìí ló sì ń sọ iye aṣojú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní. Nítorí náà, nígbà tí àwọn obìnrin rí Ẹ̀ka 35 gbà ní 1973, tí àwọn ẹ̀yà kéékèèké rí Ẹ̀ka 45 gbà ní 1986, ohùn nínú ìṣòfin ni wọ́n gbà.

Àga ààrẹ lẹ́yìn náà

Logan Wright, tó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, di ààrẹ ní 1986. Richard Suinn, tí ìran rẹ̀ wá láti Éṣíà, dé ibẹ̀ ní 1999. Melba Vasquez, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ nínú owó ìrànwọ́ yẹn, ni obìnrin Latina àkọ́kọ́ tó di ààrẹ, ní 2011. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan kò jókòó síbẹ̀ àfi ní 2018, nígbà tó kan Jessica Henderson Daniel, ọdún 47 lẹ́yìn Kenneth Clark. Rosie Phillips Davis tẹ̀ lé e ní 2019, Jennifer Kelly ní 2021, Thema Bryant ní 2023.

Ní oṣù Kẹwàá 2021, Ìgbìmọ̀ Aṣojú tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun fún ipa tí APA kó nínú ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Àforíjì yẹn kò tẹ́ ABPsi lọ́rùn. Ìtàn tí a sọ yìí fi ìdí rẹ̀ hàn. Calkins jẹ ààrẹ láìsí ètò kankan tó ń kó obìnrin bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà sì tún dí. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn 1974 bá owó ẹ̀kọ́, ẹ̀ka àti aṣojú nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni kan fi ń tẹ̀ lé ẹnì kejì. Ẹgbẹ́ amòye tó bá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yà ní ipa nínú ìdarí rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sanwó ilé-ìwé fún wọn, àti ibi tí wọ́n ti ń dìbò.