Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Fọ́ọ̀mù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ti Ń Dí Ará Òkè-Ògùn Lọ́wọ́

Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró lójú kan bíi ti orí bébà. Bí ènìyàn bá ti mú Ọ̀yọ́ nínú orúkọ àwọn ìpínlẹ̀, ojú-ewé náà yóò yí padà, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 33 yóò sì jáde kí ó lè mú tirẹ̀.

Mẹ́wàá nínú wọn ni ó wà ní Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ ìlú. Ará Ìsẹ́yìn yóò rí Iseyin. Ará Òkèhò tí ó ń wá orúkọ ìlú rẹ̀ kò ní rí i, nítorí Kajola ni tirẹ̀. Ti Kìṣí ni Irepo, ti Ìgbòho ni Orelope, ti Ìgbẹ́tì ni Olorunsogo. Atisbo kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ ibì kan: lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú bíi Àgọ́-Àrẹ àti Tedé ni a so pọ̀. Ẹni tí ó bá ṣi orúkọ mú lè rí i pé ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀ kò bá fọ́ọ̀mù náà mu, kí wọ́n sì dá a padà.

Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà lè fi hàn wá ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró tàbí tí wọ́n ti ń padà sẹ́yìn. Kò lè sọ ìdí rẹ̀. Fún èyí, a níláti jókòó ti ẹni tí ń lo fọ́ọ̀mù náà, kí a máa wò ó láìràn án lọ́wọ́. Jakob Nielsen, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Denmark, fi yé wa pé ènìyàn 5 péré ti tó láti fi púpọ̀ nínú àbùkù hàn. Lójú tiwa, kò yẹ kí gbogbo wọn jẹ́ ará Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n jẹ́ àwọn oníkafé nìkan. Oníkafé tí ń bá ará ìlú kún fọ́ọ̀mù lójoojúmọ́ ti há a sórí. Ìyára tirẹ̀ kọ́ ni ti màmá tí ń fi fóònù kékeré ṣe é ní Ṣakí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ènìyàn tẹ orúkọ ìlú rẹ̀, kí ojú-ewé náà fúnra rẹ̀ mú ìjọba ìbílẹ̀ jáde. Kí ó sì gba Ṣakí, Saki àti Shaki sí ọ̀kan náà, nítorí kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó rọrùn láti fi tẹ àmì sábẹ́ lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ ìdúró náà wà ńbẹ̀. Nielsen kọ ọ́ ní 1993 pé títí dé ìṣẹ́jú-àáyá 1, ìrònú ẹni kì í já. Bí ó bá ju 10 lọ, ọkàn ń kúrò níbẹ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti lágbára, ẹni tí kò rí ìyípadà kankan yóò tún bọ́tìnnì tẹ̀, ó sì lè san owó lẹ́ẹ̀mejì. Bí bọ́tìnnì náà bá ti gba ìtẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó kọ “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró”, kí ó má sì gba òmíràn mọ́.