Jaekel House: Ilé Àtijọ́ Inú Ọgbà Rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta

Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì tí à ń pè ní Jaekel House. Ó ti tó ọdún 16 tó ti wà lórí ìdúró kí Lugard tó so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914.

Èbúté-Mẹ́ta kì í ṣe àárín ìlú nígbà náà. Òkè odò ni, ọ̀sà ló wà láàárín òun àti Erékùṣù Èkó. Nígbà tí rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, ibẹ̀ ni Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, tí ará Èkó ń pè ní Ọba Gòlóbà, ti fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí. Rélùwéè ló wá sọ ọ́ di ńlá. Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ẹ ò rí i pé ilé yìí ti wà kí ọkọ̀ ojú irin tó wọ Ìbàdàn.

Àwọn òyìnbó ọ̀gá Rélùwéè ni wọ́n ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún, ẹ̀rù ibà ló sì wà nídìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde láti inú ilẹ̀ ló ń pa wọ́n. 1897 ni dókítà Ronald Ross tó fi hàn pé ara ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Nítorí ẹ̀rù afẹ́fẹ́ burúkú yẹn, òkè ni wọ́n máa ń sùn, lórí ilẹ̀ pákó, kí atẹ́gùn ọ̀sà lè máa gba fèrèsé wọlé. Bí ènìyàn bá gun àkàbà igi Jaekel House lọ sókè lọ́sàn-án gangan, á mọ̀ pé àwọn kọ́lékọ́lé yẹn mọ iṣẹ́: òòrùn wà níta, ara tù ọ́ nínú ilé, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù kankan. Mi ò rí èyí nínú ọ̀pọ̀ ilé bíríkì tí à ń kọ́ lónìí.

Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi sọ ilé náà, òyìnbó kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún sin Rélùwéè, tó sì kọ ìtàn Rélùwéè náà sí ìwé onípele mẹ́ta.

Ilé náà ti ń bàjẹ́ lọ kí Legacy 1995, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tó dìde sí i. Àgbà ayàwòrán-ilé nì, John Godwin, wà lára àwọn tó mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn, ní 2010 ni wọ́n sì tún un ṣe. Ní báyìí, àwòrán àtijọ́ nípa Rélùwéè ló kún inú rẹ̀, àwọn ọkọ àti ìyàwó tuntun sì ń ya fọ́tò nínú ọgbà rẹ̀.

Ó dùn mí pé Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú tẹ́lẹ̀ kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́ ni, ìjọba sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, wọ́n fi katakata wó o palẹ̀ ní 2016. Ìwé ìjọba nìkan kò gba ilé là. Àwọn tó ń pààrọ̀ pákó tó jẹrà ló ń gbà á là.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá-bàbá yín ṣiṣẹ́ Rélùwéè, ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Bí àwòrán iṣẹ́ wọn bá wà nínú àpótí nílé, ẹ yọ ọ́ síta kí ikán tó jẹ ẹ́.