Àwọn Tó Mú Etí Odò Paraguaçu Dúró

Odò Paraguaçu ló yan ibi tí Cachoeira jókòó sí. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Salvador, olú ìlú Bahia ní Bùràsílì, lè la ọ̀sà kọjá, kó sì bá ìkún omi òkun gun odò náà wọ àárín ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá yá, òkúta á dí ojú odò, omi á máa já wálẹ̀ láti orí àpáta, ọkọ̀ ò sì ní lè lọ síwájú mọ́. Dandan ni kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n dì í lé ìbaaka lẹ́yìn. Ibi ìsọ̀rù yẹn di èbúté, èbúté di ọjà, ọjà di ìlú, títí ìjọba Potogí fi fún un ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1698. Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30,000 lọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sì tò lọ bẹẹrẹ sí etí omi, tí São Félix ń kojú wọn láti òdìkejì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún àlejò nípa àdúgbò etí odò yìí ni pé àwọn olówó ṣúgà àti tábà ló kọ́ ọ, pé nígbà tí òwò ojú omi kásẹ̀ nílẹ̀, ó sùn lọ, àti pé oorun yẹn ló jẹ́ ká ṣì bá a láyé. Èmi ò gba ìtàn yẹn wọlé. Àdúgbò náà kò sùn rí. Àwọn tó ń ru ẹrù rẹ̀, tó ń wé tábà rẹ̀, ni kò kúrò níbẹ̀ nígbà tí owó kó lọ, gbígbé tí wọ́n sì ń gbé inú ilé náà ló mú ògiri dúró.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá gan-an, orí tábà ni ká sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìrèké fẹ́ràn amọ̀ dúdú tó wúwo. Ilẹ̀ oníyanrìn tó wà lókè Cachoeira, tábà ló bá a lára mu. Wọ́n á sá ewé náà, wọ́n á fa egungun àárín rẹ̀ yọ, wọ́n á sì lọ́ ọ bí okùn. Èyí tó dára jù ń lọ sí Lisbon. Ewé tó fàya, tó kéré, ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún etíkun Áfíríkà: wọ́n á fi oje dúdú tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ṣúgà pa á lára, wọ́n á ká a mọ́ igi, wọ́n á fi awọ màlúù dì í, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá sí èbúté. Oje ìrèké yẹn ló sọ pàǹtí di ọjà. Adùn àti òórùn rẹ̀ wọ àwọn oníbàárà wa lára débi pé tábà ibòmíràn kò tà mọ́ níwájú rẹ̀. Àwọn ará Họ́láńdì tó wà ní Elmina, létíkun Gánà òní, tí kì í fẹ́ rí Potogí sójú, gbà kí ọkọ̀ Bahia kó tábà lọ sí èbúté mẹ́rin, ìyẹn Grand Popo, Ouidah, Jakin àti Apa nítòsí Àgbádárìgì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìdá mẹ́wàá tiwọn. Àjàṣẹ́ àti Èkó wọ òwò náà lẹ́yìn wọn. Èèyàn ni wọ́n ń fi tábà náà rà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun Òwu àti èyí tó tẹ̀lé e sọ ìlú di ahoro, àwọn èèyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Nagô ní Bahia, ń dé ibẹ̀ ní ìgbèkùn lọ́pọ̀ yanturu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá Potogí ṣe lọ́dún 1815 ti ka òwò náà léèwọ̀ ní apá etíkun tiwa. Òfin tí Bùràsílì ṣe lọ́dún 1850 ló tó dá a dúró. Pierre Verger, tó di babaláwo ní ilẹ̀ Benin tó sì gba orúkọ Fátúmbí, ló to ẹ̀rí òwò yìí jọ sínú ìwé ńlá tó jáde lọ́dún 1968. Ẹni tó bá wá sọ pé olówó ló kọ́ ilé etí odò, kó sọ ibi tí owó ti wá. Ẹrú ló gbin tábà, tábà ló ra ẹrú mìíràn, ẹrú náà ló sì ru òkúta tí wọ́n fi mọ ilé olówó.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé náà fi iṣẹ́ wọn hàn: ìsàlẹ̀ jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí àti ìsọ̀, òkè ni ìdílé ń gbé. Lọ́dún 1819 ni ọkọ̀ oníná àkọ́kọ́ ní Bahia ti Salvador wá síbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú náà kéde lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà, ọdún 1822, pé Dom Pedro, ọmọ ọba tó ń ṣàkóso Bùràsílì nígbà náà, làwọn mọ̀, ọkọ̀ ogun Potogí kan tó dúró lójú odò yìnbọn lu ìlú, àwọn ará ibẹ̀ sì gbógun tì í títí wọ́n fi gbà á. Wọ́n ṣí afárá onírin lọ sí São Félix lọ́dún 1885. Èèyàn lè rò pé afárá àti ojú irin ló pa èbúté, ṣùgbọ́n ẹrù tí rélùwéè kó wá láti ìgbèríko ṣì ní láti wọ ọkọ̀ kó tó dé Salvador. Títì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ní ọ̀rúndún ogún, ló jẹ́ kí ẹrù máa kọjá láìdúró. Látìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ.

Ta ló wá kù? Àwọn obìnrin ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹgbẹ́ Arábìnrin Ìyá Wa ti Ikú Rere bẹ̀rẹ̀ ní Salvador ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó tó fìdí kalẹ̀ sí Cachoeira. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti dàgbà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ń dá owó jọ láti fi ra ara wọn àti ẹlòmíràn kúrò lóko ẹrú, àti kí òkú ọmọ ẹgbẹ́ má baà di ohun tí wọ́n gbé sọnù. Títí dòní, láàárín ọjọ́ 13 sí 15 oṣù kẹjọ, wọ́n ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ Màríà Wúńdíá, wọ́n ń gbé ère rẹ̀ yí àdúgbò ká. Ìborùn wọn dúdú lójú kan, ó pupa lójú kejì. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń yọ̀ pé Màríà ti gòkè ọ̀run, ojú pupa á bọ́ síta, oúnjẹ á sì kárí, ijó samba de roda á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló tún jẹ́ olórìṣà nílé. Àwọn obìnrin bíi tiwọn ló kún ilé iṣẹ́ sìgá ńlá nígbà tí òwò yẹn gbilẹ̀, láti ìgbà tí Gerhard Dannemann dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní São Félix lọ́dún 1873: wọ́n á fi ewé kan di èyí tó wà nínú, wọ́n á sì fi ewé tó jọ̀lọ̀ jù wé e lóde. Dona Dalva Damiana de Freitas, tó wé sìgá fún Suerdieck, fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sọ ẹgbẹ́ samba tó dá sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kógbá wọlé; ẹgbẹ́ samba kò kógbá wọlé. UNESCO bu ọlá fún samba de roda lọ́dún 2005. Ìlú tó sùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ èsì tí wọ́n á fún mi. Wọ́n á ní òṣì ló dá ilé náà sí, pé kò sẹ́ni tó lówó láti wó o kó kọ́ tuntun. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣì nìkan kì í dá ilé sí. Ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, àwo òrùlé kan á yẹ̀, òjò á wọlé, àjà á jẹrà, ògiri á ṣubú láàárín ọdún mélòó kan. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ òrùlé náà ló ń gun àkàbà lọ dá àwo yẹn padà sáyè rẹ̀. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí òfin, torí ọdún 1971 ni ìjọba Bùràsílì sọ Cachoeira di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Mi ò kóyán òfin yẹn kéré. Ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ wó ilé. Síbẹ̀, àwa ní Èkó mọ ibi tí agbára òfin mọ. Ìjọba ti ka Ilojo Bar, ilé tí wọ́n kọ́ lọ́nà ti Bùràsílì ní Tinúbú, mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Odò pàápàá dán wọn wò. Omíyalé a máa gba gbogbo ìsàlẹ̀ ilé, ìdílé á sì kó ẹrù gòkè. Dáàmù Pedra do Cavalo, tí wọ́n parí lókè ìlú náà láàárín ọdún 1980 sí 1989, dín ewu náà kù, ṣùgbọ́n ó tún yí bí omi ṣe ń ṣàn padà fún àwọn apẹja ìsàlẹ̀ odò. Wọn ò tìtorí ìyẹn kúrò níbẹ̀.

Èyí tó wúwo jù nínú àwọn àtakò ni pé tálákà ò lè tọ́jú ilé ńlá, pé ó sàn kí olówó tún un ṣe. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ nítòsí. Láti ọdún 1992 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá ní Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́ Salvador. Wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní owó táṣẹ́rẹ́ pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n kun ilé dáadáa, ṣọ́ọ̀bù fún àlejò gba ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àdúgbò kò sí mọ́. Nígbà tí àwọn tó ṣẹ́kù kọ̀ láti lọ, ìjọba ní láti tọwọ́ bọ̀wé ní 2005 pé ìdílé tó lé ní 100 yóò dúró sínú ilé tí wọ́n bá tún ṣe. Àtúnṣe tó lé onílé ti kùnà lójú tèmi, bó ti wù kí òrùlé rẹ̀ dára tó.

Láti ọdún 2006 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti dé Cachoeira, ó sì wá ń lo ilé iṣẹ́ tábà àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ nílò yàrá, àlejò náà nílò yàrá, olówó ilé á sì máa wo ẹni tó máa san jù. Kí wọ́n tó fi bíríkì kan lé òmíràn létí Paraguaçu, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò máa gbé ilé náà lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ bá sì ń lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ má wo ayẹyẹ nìkan kẹ́ ẹ wọkọ̀ padà sí Salvador. Ẹ wọ̀ sí ilé wọn, ẹ jẹun lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sanwó fún wọn.