Igbá, Tánganran àti Ike: Ìmọ́tótó Ohun Èlò nínú Ìtàn Wàrà Ṣíṣe

Bí ọ̀rọ̀ wàrà bá ti délẹ̀, ewé bọ̀mùbọ̀mù ni a sábà máa ń yìn, nítorí pé oje rẹ̀ ni ó ń mú kí mílíìkì dì. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí wàrà ń gbà kọjá kò rí ẹni tí yóò pìtàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ohun èlò gan-an ni ire tàbí ibi wàrà fara pamọ́ sí.

Láti Ìlọrin dé Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ọwọ́ àwọn obìnrin Fúlàní inú gáà ni àwọn Yorùbá ti ń ra wàrà. Irú iṣẹ́ yìí kan náà wà ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wàgàsì. Ìkòkò mílíìkì yóò wà lórí iná, a ó da oje ewé sí i, yóò dì, yóò sì ya kúrò lára omi rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi lè ro dànù.

Iná ni ààbò àkọ́kọ́. Ní àwọn ọdún 1860, Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ooru ń pa kòkòrò àìfojúrí tí ń ba ọtí jẹ́. Ní 1905, Themistocles Zammit fi hàn ní erékùṣù Malta pé mílíìkì ewúrẹ́ tútù ni ó ń kó ibà kan ran ènìyàn. Kí ìmọ̀ yìí tó délé ìwé ni iná ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní gáà.

Ṣùgbọ́n ewu tún kù lẹ́yìn iná. Kòkòrò tí ń jẹ́ Staphylococcus aureus ń gbé lára àwọ̀ àti nínú ihò imú ènìyàn. Bí ó bá ti ọwọ́ bọ́ sínú wàrà tí wàrà náà sì pẹ́ nínú ooru ọjà, ó lè pọ oró sí i. Iná lè pa kòkòrò náà. Kì í tètè pa oró rẹ̀. Nítorí náà, wàrà díndín kò lè tún ohun tí agbọ̀n ẹlẹ́gbin ti bàjẹ́ ṣe.

Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní àléébù tirẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igbá tó fọ́ ní í gba kàsẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n ojú kàsẹ̀ yẹn náà ni mílíìkì àná ń sá sí. Fún nónò, ìyókù àná lè jẹ́ oore, nítorí òun ni í mú tuntun kan. Fún wàrà, ibi ni. Tánganran dán, ó sì rọrùn láti fọ̀, àmọ́ bí ó bá ti hó, ìpẹtà yóò bẹ̀rẹ̀. Ike fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tètè ń ha, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì lè gba omi híhó.

Fífọ̀ pàápàá ní ètò. Omi tútù ni a kọ́kọ́ fi ń ṣan ohun èlò, nítorí omi gbígbóná a máa mú mílíìkì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànrìnkàn yóò mú ọ̀rá kúrò. Omi híhó ni yóò kẹ́yìn fún ìkòkò, agbọ̀n àti aṣọ asẹ́. A ó sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ fúnra wọn, láìfi àkísà nù wọ́n.

Àwọn kan a máa pe oníwàrà ní ọlọ́bùn. Ẹ̀gàn yìí gbàgbé pé omi ni gbogbo ètò yìí rọ̀ mọ́. Obìnrin tí ó ń ru omi láti odò jíjìn kò lè fi mẹ́ta fọ ìkòkò kan bí ẹni tí kànga wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wàrà mọ́, kànga gáà ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè.