Oníbodè Inú Òkun

Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àṣẹ ìlú kan pin sí, kí ó sáà máa rìn lọ títí yóò fi bá oníbodè. Àwọn oníṣòwò tí ń ru kàún àti awọ bọ̀ láti ilẹ̀ Haúsá, tí wọ́n ń wọ̀ sí Gàmbàrí ní Ìlọrin, ní sàkáání Balógun Gàmbàrí, mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹrù wọn bá ti Ìlọrin kọrí sí Èkó, Ìbàdàn a gba owó bodè tirẹ̀, Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú a sì gba tirẹ̀. Ìjà lórí owó yìí àti lórí ọ̀nà etí òkun kò kéré nínú àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n etí omi ni bodè tán sí. Ta ni yóò gbé àga lọ sí orí ìgbì kí ó máa bi èrò léèrè ẹrù?

Epo rọ̀bì ni ó sọ ìbéèrè yìí di ọ̀ràn. Ọ̀pá irin tí a fi ń fa epo àti gáàsì ti wà ní ìsàlẹ̀ òkun, ó sì di dandan kí a mọ ẹni tí yóò fúnni láṣẹ láti rì í, tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì gba owó lórí ohun tí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ará Ìlọrin má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn apẹja nìkan ni. Páìpù tí wọ́n rì láti Atlas Cove létí òkun Èkó gba Mósímí àti Ìbàdàn títí dé ibùdó epo Òkè-Oyì lẹ́bàá Ìlọrin. Èyí tí ó tún wúwo jù ni pé Kwara kò ní etí òkun rárá, síbẹ̀ owó epo abẹ́ òkun wà nínú owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín ní Àbújá.

Òfin epo ti 1914 kò fi iṣẹ́ epo wíwá sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé iṣẹ́ wọn. Ní 1956, ọdún tí wọ́n kan epo ní Oloibiri, ni òfin ọ̀pá epo jáde. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé oko ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó kọ ọ́: bí ọ̀pá bá ba ilé, irúgbìn tàbí igi tí ń mówó wá jẹ́, kí a san owó rẹ̀ fún olówó rẹ̀. Igi kì í hù nínú òkun.

Nígbà náà, àwọn Amẹ́ríkà ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn. Ààrẹ Truman kéde ní 1945 pé ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ abẹ́ òkun tí ó so mọ́ etí òkun wọn, ti Amẹ́ríkà ni. Ní 1947 ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ sọ fún California pé òun kọ́ ni ó ni ín, gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ní 1953 àwọn aṣòfin dá máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́ padà fún ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ etí òkun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni àwa pẹ̀lú tọ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1960 ka ilẹ̀ abẹ́ òkun tí ó kángun sí Ẹkùn kan mọ́ Ẹkùn náà nígbà tí a bá ń pín owó epo, ìdajì owó náà sì ni ti Ẹkùn. Ní 1965 epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú òkun ní Okan. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ológun dé. Ní 1969 wọ́n fi gbogbo epo, ti ilẹ̀ àti ti omi, sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 1971 wọ́n tún gba gbogbo owó ti inú òkun.

Ọ̀ràn náà sùn títí ìjọba alágbádá fi padà. Ìjọba àpapọ̀ wá pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́, Kwara sì wà nínú wọn, kí ilé ẹjọ́ lè sọ ibi tí ìpínlẹ̀ etí òkun pin sí. Adájọ́ Ogundare ni ó ka olórí ìdájọ́ náà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, 2002: ibi tí omi òkun fà sẹ́yìn dé nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ tán sí. Kọjá ibẹ̀, kò sí ti Delta, kò sí ti Oǹdó, kò sí ti Èkó. Àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí bá pàdánù ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo tí ń jáde nínú òkun. Ariwo pọ̀. Ní 2004 àwọn aṣòfin ní kí a ka òkun mọ́ ìpínlẹ̀ títí dé ibi tí ó jìn tó mítà 200, kìkì nítorí ìpín owó náà. Ìpínlẹ̀ 22 pẹjọ́ tako òfin yìí, wọ́n sì jẹ̀bi ní 2005. Mo fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé owó ni òfin 2004 dá padà, kò dá àṣẹ padà. Títí di òní, kò sí gómìnà tí ó lè fúnni ní ìwé láti rì ọ̀pá epo sínú òkun.

Ní tèmi, ẹni tí ó ń gbé Gàmbàrí kò lè bá ìdájọ́ 2002 jà, nítorí òun ni ó jẹ́ kí ọmọ Kwara ní ìpín nínú omi tí kò lè fojú rí. Ṣùgbọ́n oníbodè tí ó jókòó sí ọ̀nà jíjìn kì í tètè gbọ́ igbe. Ní oṣù Kejìlá 2011, ọ̀pá kan jò ní Bonga, bí 120 kìlómítà sí etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń rọ epo sínú ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí òkè òkun. Ohun tí ó dà sómi tó 40,000 àgbá. Àwọn ará etí òkun kan ní epo náà dé ilẹ̀ àwọn, ilé iṣẹ́ Shell ní kò débẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn olùpẹ̀jọ́ yìí gbé ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí epo ṣì wà lórí ilẹ̀ àwọn, ẹ̀ṣẹ̀ náà ń di tuntun lójoojúmọ́, nítorí náà àkókò ìpẹ̀jọ́ kò lè tíì kọjá. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ kò gbà fún wọn ní oṣù karùn-ún 2023.

Òfin epo tuntun ti 2021 pín iṣẹ́ ìbójútó sí àjọ méjì, ọ̀kan fún ibi tí a ti ń wa epo, èkejì fún ìrìn epo àti gáàsì lẹ́yìn tí ó bá kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀pá bá wá ré kọjá orílẹ̀-èdè ńkọ́? Èyí tí ń gbé gáàsì wa lọ sí Gánà bẹ̀rẹ̀ láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó wọ òkun ní Bàdágìrì, ó sì yà sí Kútọnu, Lomé àti Tema kí ó tó dé Takoradi, 678 kìlómítà lápapọ̀. Bí a bá ṣe é bíi ti àtijọ́, bodè mẹ́rin ni ì bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Dakar ní oṣù kìíní 2003, wọ́n sì jọ dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Àbújá, kí ó máa ṣe oníbodè fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àjọ yìí kò ní ọkọ̀ ogun. Ní oṣù kẹjọ 2012, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Tógò ń lé àwọn olè tí ó gun ọkọ̀ epo kan, ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà fa ọ̀pá yìí ya ní iwájú Lomé. Gáàsì kò sì dé Gánà mọ́ títí di 2013.